Okùn Ààlà Gba Yàrá Ìyá Àgbà Kọjá

Títí di òní, bí òórùn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò bá ta sí mi nímú, ìbáà jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni mo wà ní Dùgbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Bódìjà, ọkàn mi a fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Agbowó, níbi tí a ti mọ odi kan nígbà tí àwọn ìbejì mi ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Odi lásán ni lójú ẹni tó bá ń kọjá lọ. Búlọ́ọ̀kù ni, a rẹ́ ẹ, a kùn ún, òjò sì ti fọ ọ̀dà rẹ̀ dànù ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí kí odi yẹn tó dìde, n kò rí irú rẹ̀ mọ́.

Ará òkè ni wá. Ìgbòho ni wọ́n bí èmi àti ọkọ mi sí, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì ti tọ́ wa dàgbà. Iṣẹ́ ló gbé wa dé Ìbàdàn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, èmi ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kan ní Ring Road, níbi tí mo ti máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí n ó máa gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀. Nígbà tí a ra ilẹ̀ ní Agbowó, ọwọ́ mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ kan, ọmọ Ìbàdàn gan-an, Mùsùlùmí, la ti rà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mọ̀lẹ́bí náà, Àlájì kan tó ń ta páànù ní Dùgbẹ̀, ti kọ́lé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Igbó ni ilẹ̀ wa wà fún ìgbà pípẹ́ kí a tó rí ọwọ́ mú kọ́ ọ, koríko ibẹ̀ a sì máa bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Láàárín ìgbà náà ni bàbá Àlájì kú nínú agboolé wọn ní ìgboro, ni Àlájì bá mú ìyá wọn wá sọ́dọ̀, wọ́n sì kọ́ yàrá kan kún ẹ̀gbẹ́ ilé fún màmá náà. Ìyá Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Láàárín ilé méjèèjì kò sí ju pèrègún bíi mélòó kan lọ, èyí tí ewúrẹ́ ti jẹ, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ti pa lára wọn. Okùn ìsáṣọ kan náà là ń lò. Bí òjò bá ṣú tí n kò sí nílé, ìyàwó Àlájì á ti ká aṣọ mi wọlé. Bí wọ́n bá se mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ Jímọ̀, tiwa á ti gba àárín pèrègún kọjá kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Lọ́jọ́ Kérésì, abọ́ ìrẹsì tèmi náà á gba ibẹ̀ lọ. Ó dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà tí mọ́ínmọ́ín ń gbà wọlé, olè pẹ̀lú mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n ti gbé tẹlifíṣàn, wọ́n tilẹ̀ kó bàtà tuntun àwọn ìbejì. Àwọn ará ilé Àlájì ti lọ síbi ìkómọ, kò sí ẹni tó rí olè náà. Ọkọ mi wo ẹsẹ̀ bàtà olè nínú ẹrẹ̀ láàárín pèrègún, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ti tó. Fẹ́ǹsì ló kù."

Inú mi dùn sí fẹ́ǹsì, nítorí mo ní ohun kan lọ́kàn tí n kò tíì sọ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọkọ mi. Bàbá mi wà ní Ìgbòho. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹ̀gbẹ́ kan lára wọn, orí àga onítáyà ni wọ́n ń gbé wọn kiri, ìyá mi sì ti kú, kò sí ẹni tó ń tọ́jú wọn dáadáa. Mo fẹ́ kọ́ yàrá kan fún wọn sí ẹ̀yìn ilé wa. Iwájú ilé wa ga, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì le. Ẹ̀gbẹ́ kejì, odi aládùúgbò mìíràn àti ihò omi ìdọ̀tí ti gba ibẹ̀ tán. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ Àlájì nìkan ló kù tí àga bàbá mi lè gbà dé ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n ó lọ sínú koríko ibẹ̀, n ó máa fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n bí ẹni pé mò ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù pé a fẹ́ mọ odi. N kò sọ ti yàrá, kí ọkàn wọn má bàa máa retí ohun tí kò tíì dájú. Ahọ́n wọn ti wúwo nígbà náà, wọ́n á máa yọ ọ̀rọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Wọ́n ní, "Kí ẹ tó mọ odi, ẹ kọ́kọ́ mọ aládùúgbò. Ẹ lọ sọ fún wọn. Má fi ìró ṣọ́bìrì jí ọmọnìkejì rẹ."

A lọ. Mo ra búrẹ́dì àti ọsàn, mo wọ ìró àti bùbá tó dára, bí ẹni tó fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé: bí Àlájì bá bínú, ohun tí n ó sọ, bí wọ́n bá ní ká dúró, ohun tí n ó fi bẹ̀ wọ́n. Kò sí èyí tí mo lò níbẹ̀. Àlájì gbọ́ wa tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ilẹ̀ yín ni. Ẹlòmíràn á kàn da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ni, a ó sì jí bá a bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin wá jókòó sọ fún wa. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fi ṣe é."

Ìyá Àgbà jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, awọ ara wọn fẹ́lẹ́, ojú wọn sì mọ́ bí ojú ọmọdé. Wọ́n béèrè pé, "Ọjọ́ wo lẹ ó ta okùn?"

Ọkọ mi ní, "Ọjọ́ Sátidé, Ìyá. Sọ̀fíyọ̀ ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí mo bá kí ìrun ìyálẹ̀ta tán. Mo fẹ́ wà níbẹ̀."

Nígbà tí a jáde, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ̀rọ̀ sí ọkọ mi létí. Mo ní màmá náà fẹ́ wá ṣọ́ wa ni, kí ará òkè má bàa gé ilẹ̀ ọmọ onílẹ̀ jẹ. Ọgbọ́n mi pọ̀ nígbà náà ju bí orí mi ṣe lè gbé e lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn mú. Sọ̀fíyọ̀ náà hú koríko kúrò lórí òpó ààlà iwájú, ó rí ti ẹ̀yìn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta okùn. Okùn funfun náà ń lọ gbọọrọ láàárín ilé méjèèjì, ó kọjá pèrègún àkọ́kọ́, ó kọjá èkejì, lẹ́yìn náà ó dúró. Ògiri ló dí i lọ́nà. Ọkùnrin náà padà lọ wo òpó iwájú, ó tún lọ wo ti ẹ̀yìn, ó sì nu ojú rẹ̀. Ó wá yé gbogbo wa. Yàrá tí wọ́n kọ́ kún ilé fún Ìyá Àgbà ti kọjá ààlà, ìdajì rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ wa.

Ìyá Àgbà ti wà níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan bo oòrùn lójú. "Okùn ti tán ni?"

Sọ̀fíyọ̀ ní, "Rárá, Ìyá. Ògiri ni."

"Ta ló fi ògiri síbẹ̀?"

Sọ̀fíyọ̀ yíjú sí Àlájì, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Ni màmá náà bá di okùn mú, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi kan ògiri yàrá wọn. Wọ́n dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ wọn lára ògiri. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé lọ. Wọ́n ké sí sọ̀fíyọ̀ láti inú pé kó fi ọwọ́ gbá ògiri níbi tí okùn ti wọlé kí àwọn lè gbọ́ ọ, kó sì lọ gbá ti òdìkejì níbi tí ì bá ti jáde. Ó gbá a. A gbọ́ tí wọ́n ń gbé nǹkan nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n jáde, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó gba abẹ́ ibùsùn mi kọjá. Ibi tí mo ń tẹ́ ẹní ìkírun sí, ọ̀dọ̀ yín ló wà."

Òógùn bo Àlájì. Wọ́n di ọwọ́ ọkọ mi mú. "Bàbá Ìbejì, mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ̀. Koríko ni gbogbo ibẹ̀ nígbà yẹn. Bíríkìlà ló na ọwọ́ sínú igbó, èmi sì wà ní ìsọ̀."

Ọkọ mi, ẹni tí mo fẹ́ nítorí irú ọjọ́ báyìí, kò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. "Àlájì, ẹ má búra. Ta ni ì bá mọ̀? Yàrá ti wà níbẹ̀ kí àwa tó dé. A ó yí odi gba ẹ̀yìn yàrá náà ká, ó parí." Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ògiri náà. Mo ti wo àyè tó kù láàárín ògiri yàrá yẹn àti ògiri ilé wa. Ènìyàn kan lè fẹ̀gbẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Àga bàbá mi kò lè gba ibẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Àgbà ti kó jáde nínú yàrá. Wọ́n kó aṣọ wọn, bùútà àlùwàlá wọn àti ẹní wọn lọ sí pálọ̀ ọmọ wọn. Wọ́n ní ojú àwọn ti rí okùn, àwọn kò lè sùn sórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Àlájì mú bíríkìlà wá láti wó yàrá náà, ọkọ mi sì sáré jáde, ó dúró síwájú ògiri, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní wó o. Àlájì ní, "Ilẹ̀ yín ni!" Ọkọ mi ní, "A ti fún yín!" Àlájì ní, "A ò gbà!" Ohùn wọn ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan fi sáré lọ pe alága ẹgbẹ́ onílé pé ìjà ilẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ará òkè àti ọmọ onílẹ̀.

Alága dé pẹ̀lú àwọn àgbà méjì, ojú wọn le koko. Wọ́n ní kí a jókòó, kí olúkúlùkù rojọ́. Bí Àlájì ṣe ń rò ó ni ẹnu alága ń là sílẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ dúró ná. Ta ló ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ta?" Wọ́n ní kò sí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi fẹ́ ara rẹ̀, ó ní òun ti bá wọn parí ìjà ilẹ̀ láti ìgbà tí Agbowó ti jẹ́ oko, òun ti rí àdá, òun ti rí ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ti ilẹ̀ síra wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń ti abọ́ ẹran síwájú àlejò. Àwọn èrò tó ti pé jọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n parí rẹ̀ pé a ti fi ilẹ̀ náà tọrẹ, odi yóò sì yí yàrá ká. Wọ́n wo Ìyá Àgbà bí ẹni ń retí ọpẹ́. Màmá náà ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun." Wọn kò sọ pé àwọn gbà.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, lẹ́yìn ìrun aláásáàrí, ìyàwó Àlájì wá sọ fún mi pé Ìyá Àgbà ń pè mí, èmi nìkan. Mo bá wọn nínú yàrá náà. Ibùsùn wọn ṣì wà níbẹ̀ láìní ẹní lórí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn.

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀bùn tí wọ́n fún ènìyàn lójú èrò, n kì í mọ ohun tí n ó pè é. Ó lè jẹ́ ẹ̀bùn. Ó lè jẹ́ ìtìjú. Ta ló lè wo arúgbó lójú níwájú gbogbo àdúgbò kó ní òun kò fún un? Èyí tí a bá fi ìtìjú gbà lọ́wọ́ ẹni kì í ṣe haláàlì, kò mọ́. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn. Ǹjẹ́ ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ yìí ṣe nǹkan?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá. A kò fi ṣe nǹkan kan." Ó yá mi lẹ́nu, kò sì ṣòro.

Wọ́n yíjú sí fèrèsé yàrá náà, èyí tó kọjú sí ilé wa. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mo máa ń rí ọ láti ibí yìí. Wà á dé láti ibi iṣẹ́, o kò tíì bọ́ aṣọ, wà á wọ inú koríko, wà á máa fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ènìyàn kì í fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tí kò fi ṣe nǹkan. Ọmọ mi, mo ti dàgbà. Ẹni tó bá parọ́ fún mi nísinsìnyí, ọ̀run ló ń rán mi lọ pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù."

Wọ́n máa ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó ọwọ́ là ń ra èké. Gbogbo ara mi ló sọ pé kí n ra èké lọ́jọ́ náà, nítorí irọ́ tí mo fẹ́ pa dára, ó ní ẹ̀yẹ, gbogbo àdúgbò ti pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú yẹn kí n tún un pa. Mo bú sẹ́kún. Mo sọ fún wọn nípa bàbá mi, nípa àga onítáyà, nípa àtẹ̀gùn iwájú ilé àti àyè tó kù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má wó yàrá yín nítorí tèmi. A ó wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i."

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudu lilahi!" Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jinlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù sọ̀ fún. "Láti ìgbà tí okùn yẹn ti délẹ̀, oníkálukú ló ń fún mi ní nǹkan. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó fún mi ní ohun tí mo lè gbà." Wọ́n fi etí ìborùn wọn nu ojú mi bí ẹni pé èmi gan-an ni ọmọ kékeré. "Lọ sílé. Sọ fún bàbá rẹ pé ọ̀nà ti là."

Ọkọ mi bínú sí mi. Ó béèrè irú ẹnu tí mo ní tí n kò fi lè pa á mọ́, ó ní mo ti sọ òun di ẹni tó lé arúgbó jáde nínú yàrá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jí gbọ́ ìró páànù tí wọ́n ń ṣí lórí yàrá náà. Nígbà tó ku ògiri, Àlájì gbé dígà sókè, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Àwọn bíríkìlà ń wo ara wọn. Ìyá Àgbà sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n gba dígà lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọn kò tilẹ̀ lè gbé e ga, wọ́n kàn jẹ́ kí ó bọ́ lu ògiri náà lẹ́ẹ̀kan. Erùpẹ̀ díẹ̀ já bọ́. Wọ́n ní, "Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ parí rẹ̀." Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé mi, ọwọ́ mi lórí. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí òdodo láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. N kò mọ̀ pé ó ní ìró. N kò mọ̀ pé eruku rẹ̀ lè bà sí ènìyàn lójú.

Nígbà tí wọ́n kó àwókù kúrò tán, Ìyá Àgbà wá sí pálọ̀ wa, àwọn àti Àlájì nìkan. Wọn kò jókòó. Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, Ìyá Ìbejì, mo wá bẹ̀ yín. Mo ti ń kí ìrun lórí ilẹ̀ yín láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Àsùbá, ọ̀sán, aláásáàrí, àṣálẹ́, alẹ́. Ààwẹ̀ ti bá mi níbẹ̀. N kò gba àṣẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda wọn fún mi, kí Ọlọ́run lè gbà wọ́n." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún wọn.

Ọkọ mi kò jẹ́ kó délẹ̀. Ó ti na gbalaja síwájú wọn kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkùnrin tí kò bá mi sọ̀rọ̀ tààrà láti ọjọ́ yẹn, ó dojú bolẹ̀, ó ń sọ pé, "A yọ̀ǹda, Ìyá. A yọ̀ǹda. Àwa ni kí ẹ fi àdúrà náà rántí." Àlájì yíjú sí ògiri. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ilẹ̀ tí a dúró lé kì í ṣe ilẹ̀ lásán ní wákàtí yẹn, bí ẹni pé kí n bọ́ bàtà mi.

Ṣùgbọ́n àwọn èrò tó pàtẹ́wọ́ kò sí ní pálọ̀ wa. Ohun tí wọ́n rí ni pé yàrá arúgbó ti wó, ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ará òkè. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Obìnrin kan ní ìsọ̀ ata dáwọ́ dúró nígbà tí mo dé, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, onílẹ̀." Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pàápàá, ẹnìkan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé bí a ṣe ń jẹ́rìí fún àwọn Mùsùlùmí nìyí. N kò lè ṣàlàyé, nítorí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kì í ṣe tèmi láti máa tà lẹ́nu. Mo kàn ń gbójú wolẹ̀ kọjá.

Bóyá ó dé etí Ìyá Àgbà, n kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ odi, tí gbogbo ibẹ̀ ń rùn fún sìmẹ́ǹtì tútù, màmá náà jáde, àpótí ìjókòó lọ́wọ́. Wọ́n kọjá ilé ọmọ wọn, wọ́n kọjá ihò ìpìlẹ̀, wọ́n gbé àpótí kalẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, lójú títì gan-an, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Wọ́n jókòó láàárọ̀, wọ́n jókòó lọ́sàn-án. Èmi ni mo bu oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́ níbẹ̀ lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Nígbà tó tó àkókò ìrun, wọ́n ké sí mi sókè tí ẹni tó wà lókèèrè fi gbọ́: "Ìyá Ìbejì, ṣé kí n kírun lórí ilẹ̀ rẹ?" Mo ní, "Ẹ kí i, Ìyá. Ẹ máa kí i níbẹ̀ títí." Ni wọ́n bá tẹ́ ẹní. Obìnrin aláta yẹn ń kọjá, ó dúró, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o. Wọ́n ti gba yàrá yín."

Ìyá Àgbà wò ó. "Má sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ilé wọn ni mo ti ń sùn, n kò mọ̀. Wọn ò sì lé mi." Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti kú.

A mọ odi náà gbọọrọ, láti òpó dé òpó. Àlájì kọ́ yàrá mìíràn fún ìyá wọn sí òdìkejì ilé, ó tilẹ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. A kọ́ ti bàbá mi sẹ́yìn ilé wa, wọ́n sì ti Ìgbòho dé. Lọ́jọ́ tí a ti àga wọn gba ẹ̀gbẹ́ odi náà kọjá, mo ń rọra tì í, n kò fẹ́ kó tètè parí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n dá àga dúró. Wọ́n fi ọwọ́ tó ṣì ní agbára kan odi náà, wọ́n ké sí òkè pẹ̀lú ahọ́n wọn tó wúwo pé, "Ìyá o! Ẹ ṣeun o!" Láti òdìkejì, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan dáhùn pé, "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá! Ṣé ọ̀nà náà gbà yín?" Bàbá mi ní, "Ó gbà mí." Wọn ò rí ara wọn lójú lọ́jọ́ náà.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ, Ìyá Àgbà sì jókòó tì mí nínú pálọ̀ wa títí àwọn aṣọ̀fọ̀ fi tán. Nígbà tó kan àwọn náà, ojú oorun ni wọ́n ti lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kí a sì tó ṣí ilé ìwòsàn wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti sin wọ́n. Àwọn ìbejì ti kúrò nílé. Agbowó ti kún, odi ga lórí odi, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ aládùúgbò kò sì mọ orúkọ ara wọn. Mo ń gbọ́ nípa àwọn tó ń jà títí dé kóòtù nítorí ìbú ọwọ́ kan, n kì í sì í dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí mo mọ bí ìbú ọwọ́ kan ṣe lè jẹ́ gbogbo ohun tí ènìyàn ní. Ohun tí n kò tíì mọ̀ títí di òní ni bí ọkàn kan ṣe lè mọ́ tó bẹ́ẹ̀, kó máa wá inú ara rẹ̀ kiri bí ẹni ń gbálẹ̀ nígbà tí àlejò kankan kò bọ̀.

Mo ṣì jẹ́ Onítẹ̀bọmi, n kò kúrò níbẹ̀. Ní ìjọ wa, bí a bá ti kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, òkè la máa ń gbójú sí. Obìnrin yẹn ló kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ lé.